Bùtà Tó Kún Lẹ́nu Ọ̀nà Yàrá Àdúrà

Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ ní gáréèjì wa ní Ìfọ́n, tí ẹ kọjá ibi tí wọ́n ti ń kó iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sọ́kọ̀, ẹ óò rí ilé kékeré kan tó ní ilẹ̀kùn méjì. Ilé táyà ni tẹ́lẹ̀. Àwọn awakọ̀ kó táyà kúrò, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di yàrá àdúrà fún ẹni tó bá ń rìnrìn àjò. Ilẹ̀kùn ọwọ́ ọ̀tún jẹ́ ti àwọn Mùsùlùmí, ẹní ló wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ti ọwọ́ òsì jẹ́ ti àwa Kìrìsìtẹ́ẹ́nì, àga gbọọrọ ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú tábìlì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba. Aṣọ ni wọ́n ta sáàárín. Aṣọ náà fẹ́lẹ́ débi pé bí ẹnìkan bá sín lọ́dọ̀ wọn, àwa la máa kọ́kọ́ kí i pẹ̀lẹ́.

Èmi ni mò ń tọ́jú apá tiwa. Kò sẹ́ni tó gbà mí síṣẹ́ o. Ẹ̀pà yíyan ni mò ń tà níwájú ibẹ̀, eruku ilẹ̀ rẹ̀ sì ń fò bà lé ẹ̀pà mi, ni mo bá mú ìgbálẹ̀. Ẹni tó bá gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní iṣẹ́ rẹ̀ ni. Bàbá àgbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Àlùfáà ló ń tọ́jú apá tiwọn. Aṣọ ló ń rán nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń ríran dáadáa. Òun ló ń pè mí ní Ìyá Ìjọ, bẹ́ẹ̀ n kò joyè kankan ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ìyá Ìjọ, ẹ bá mi sọ fún àwọn èèyàn yín kí wọ́n rọra máa pàtẹ́wọ́. Mo tún ti gbàgbé ibi tí mo kírun dé."

"Àlùfáà, kí àwọn tiyín náà máa gbọn ẹsẹ̀ wọn kí wọ́n tó wọlé. Omi yín ti ṣàn dé abẹ́ àga wa. Àbí ẹ fẹ́ ṣèrìbọmi fún wa lẹ́ẹ̀kejì ni?"

Á wá rẹ́rìn-ín títí gbogbo eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ á fi hàn.

Bí a ṣe ń gbé nìyẹn, kò sí ìjà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ bùtà ni.

Gbogbo èèyàn ló mọ bùtà, kẹ́tù oníke tí àwọn Mùsùlùmí fi ń ṣe àlúwàlá kí wọ́n tó kírun. Níbòmíràn, tiwọn nìkan ni. Ní gáréèjì wa, kò rí bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ tó bá ń ná ọ̀nà Ọ̀wọ̀, ìbáà jẹ́ Mùsùlùmí, ìbáà jẹ́ Kìrìsìtẹ́ẹ́nì, ó ní bùtà tirẹ̀ lẹ́bàá ògiri, láàárín ilẹ̀kùn méjèèjì. Bó bá fẹ́ gbéra, á pọn omi kún un dé ẹnu, á dé e, á kọ imú rẹ̀ sí ojú ọ̀nà, á wá lọ. Bó bá padà dé, kí wọ́n tó sọ ẹrù ẹnikẹ́ni kalẹ̀, á kọ́kọ́ fi omi náà bọ́jú, á fi ṣan ẹsẹ̀. Omi àbọ̀ la máa ń pè é. Bùtà tó bá ṣófo, olówó rẹ̀ wà nílé. Èyí tó bá kún, ẹni tó ni ín ṣì wà lójú ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kì í sì í fọwọ́ kàn án. Bí ewúrẹ́ bá sún mọ́ ọn pẹ́nrẹ́n, òkúta ni wọ́n á fi lé e.

N kò mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àlùfáà ní kò sí nínú kéwú. Oníwàásù kan wá síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní nǹkan yìí ti fẹ́ jọ òrìṣà, kí wọ́n jáwọ́ nínú ẹ̀. Àwọn awakọ̀ dúró gbọ́ ọ tán, wọ́n ṣe àmín, wọ́n pọn omi sínú bùtà wọn, wọ́n wa ọkọ̀ lọ.

Èmi ní tèmi, omi ni mo mọ omi sí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ti Ìfọ́n lọ sí Ọ̀wọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú mọ́. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, oorun ni mo máa ń sùn nínú ọkọ̀ láti ibí títí a ó fi dé ọjà Ọ̀wọ̀. Láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti wọ inú igbó yẹn, tí wọ́n ń dá ọkọ̀ dúró, tí wọ́n ń jí èèyàn gbé, ẹnikẹ́ni kì í sùn mọ́. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá oko tó kẹ́yìn báyìí, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu gbogbo èrò. Àwọn àgbẹ̀ Afọ̀ àti Ìmẹ̀rì tí wọ́n máa ń bá mi ṣọ̀rẹ́ ní gáréèjì, púpọ̀ nínú wọn kì í dé oko ọ̀nà jíjìn mọ́. Iṣu ń jẹrà sínú ebè. Yàrá àdúrà wa wá ń kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀pà mi ni kò tà mọ́, nítorí ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í lè jẹ ẹ̀pà.

Ọmọ mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ọ̀wọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, obìnrin ni, ọ̀dọ̀ mi ló wà nítorí ilé ìwé. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni ìyá rẹ̀ máa ń wá bá a gbé di ọjọ́ Àìkú. Mo ti sọ fún un pé kó dẹwọ́. Ó ní, "Ìyá, tí n kò bá wá, tí ọmọ mi bá gbàgbé ojú mi ńkọ́?" Èmi náà sì mọ̀ pé bí nǹkan bá ṣe é lójú ọ̀nà yẹn, èmi arúgbó yìí nìkan ni ọmọ náà kù sí lọ́wọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Omi ẹ̀rọ ò yọ látìgbà tí ọ̀sẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó wá kírun lọ́sàn-án ti lo omi inú dúrọ́ọ̀mù Àlùfáà tán, ẹni tó ń fi ọmọlanke ta omi kò sì tíì dé. Ọmọ mi pè mí lórí fóònù.

"Ìyá, mo ti wọkọ̀ o. Ọkọ ìyàwó onímọ́ínmọ́ín ló gbé wa."

"Ó dáa. Jókòó sẹ́yìn."

"Ẹ̀yìn náà ni mo wà, Ìyá. Ìdí adìẹ ni wọ́n fi mí sí."

Ìyàwó onímọ́ínmọ́ín yìí, ìtòsí mi ló ń tà. Ọmọ ìjọ kan náà ni wá, ó sì lè sọ̀rọ̀! Ọkọ rẹ̀ ti kúrò láàárọ̀, bùtà rẹ̀ aláwọ̀ búlúù tó so òwú pupa mọ́ lọ́wọ́ sì wà níbẹ̀, ó kún dé ẹnu, ó kọjú sí ọ̀nà. Ní ọ̀sán yẹn, bùtà méjì péré ló kún. Tirẹ̀ ni, àti ti awakọ̀ kan tó ti ṣáájú rẹ̀ gbéra ní Ọ̀wọ̀.

Ẹni tó ṣáájú yìí ló kọ́kọ́ dé. A gbọ́ ìró ọkọ̀ rẹ̀ kí a tó rí i. Ó sáré wọ gáréèjì bí ẹni tí iná ń jó nídìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá igbá ẹ̀pà mi lọ. Kò pa ẹ́ńjìnnì. Ó fò bọ́ sílẹ̀, ó lọ bá bùtà rẹ̀ tààrà, ó da gbogbo omi inú rẹ̀ sórí ara rẹ̀ tòun taṣọ, ó wá dúró síbẹ̀, ó ń gbọ̀n, omi ń ro tótó nírùngbọ̀n rẹ̀.

"Kí ló dé?" ni Àlùfáà bi í.

"Ìbọn," ló wí. "Ẹ̀yìn wa ni wọ́n ti ń yìn ín. Ní ibi tí ọ̀nà ti kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó yẹn. N kò wẹ̀yìn. Mi ò lè wẹ̀yìn."

"Ta ló wà lẹ́yìn yín?"

Ó kàn yíjú wo bùtà búlúù yẹn, gbogbo wa sì bá a wò ó.

Bí iná ṣe ń ràn nínú koríko gbígbẹ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ràn ká gáréèjì. Wọ́n ní wọ́n ń bọ̀. Ta ló ń bọ̀? Kò sẹ́ni tó dúró bèèrè. Àwọn olómi inú ọ̀rá gbé igbá wọn, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹni tó ń ṣájì fóònù ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó fò sẹ́yìn ọ̀kadà. Fóònù ìyàwó onímọ́ínmọ́ín wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà, ó ń pariwo tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n eruku nìkan ló bá. Awakọ̀ tó dé náà kó sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó wà á lọ sílé. Kí ẹ tó mọ̀, gáréèjì tí èèyàn kì í rí ibi gbẹ́sẹ̀ sí ti pa lọ́lọ́, àfi ewúrẹ́ àti àwọn èrò tí wọ́n kò mọ ibi tí wọ́n máa gbà.

Èmi ò sá. Kì í ṣe pé mo láyà. Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi ni. Ó tutù bí ẹni tó fi rin inú ìrì, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń ràn. Mo pe ọmọ mi. Obìnrin inú fóònù yẹn ní nọ́ńbà náà kò sí. Mo tún pè. Ó tún sọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tó fi ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Ìgbà náà ni Àlùfáà ké sí mi láti inú yàrá. "Ìyá Ìjọ! Ẹ wá wo èèyàn níbí!"

Obìnrin kan nínú àwọn tó bá ọkọ̀ yẹn dé ló wà lórí ẹní. Ó dàgbà, kò tó mi lọ́jọ́ orí ṣá. Ọjà ló ń tà ní àárín ìgboro Ọ̀wọ̀, Afọ̀ ló ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Ó wọlé pé kóun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, bó ṣe kúnlẹ̀ ló ṣubú. Ojú rẹ̀ ti yí, ètè rẹ̀ gbẹ bí èèpo igi, ara rẹ̀ sì gbóná bí ìkòkò orí iná. Orí ẹ́ńjìnnì ni wọ́n jókòó lé e láti Ọ̀wọ̀. Mo tú gèlè rẹ̀. Mo ká aṣọ ìkélé àárín kúrò kí afẹ́fẹ́ lè wọlé láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Mò ń fi ọmọrí igbá ẹ̀pà fẹ́ ẹ. Kò gbọ́.

"Omi," ni mo wí.

Àlùfáà gbé dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ dojú dé. Ẹ̀kán kan ò jáde. Omi mímu tèmi, mo ti fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ inú ọkọ̀ náà mu. Ìyàwó onímọ́ínmọ́ín ti da omi ìfọwọ́ rẹ̀ nù nígbà tó ń palẹ̀ mọ́. Kò sí olómi, kò sí ṣọ́ọ̀bù, ilé tó sún mọ́ wa ti tilẹ̀kùn mọ́rí, a kànkùn títí, wọn ò dáhùn.

Mo jáde síta. Bùtà búlúù yẹn wà níbẹ̀.

Ìyàwó onímọ́ínmọ́ín rí ibi tí ojú mi lọ. Ó ti dé ibẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìró rẹ̀ bo bùtà náà bí adìẹ tó sàba.

"Màmá, rárá o. Ẹ má dán an wò."

"Obìnrin kan ń kú lọ nínú ilé."

"Ọkọ mi wà lójú ọ̀nà! Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ẹ gbọ́ ìbọn tí wọ́n ní wọ́n ń yìn. Ẹ̀yin náà ẹ wá fẹ́ da omi àbọ̀ rẹ̀ nù?"

"Ọmọ tèmi wà nínú ọkọ̀ ọkọ rẹ."

"Ṣé ẹ wá fẹ́ pa àwọn méjèèjì ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára bí abẹ́rẹ́. N kò ní purọ́ fún yín, ọwọ́ mi padà sẹ́yìn. Èmi tí mo máa ń sọ pé omi ni omi, mo dúró síwájú ike olówó pọ́ọ́kú. Mo wo ojú Àlùfáà. Mo fẹ́ kó sọ pé kí n mú un, tàbí kó sọ pé kí n má mú un. Ó gbójú sílẹ̀.

"Ìyá Ìjọ," ló wí, "ẹ̀rù ń ba èmi náà."

A gbọ́ bí obìnrin inú ilé yẹn ṣe mí, èémí gígùn kan tó ń dún bí ẹni ń fa igi lórí ilẹ̀. Mo ti gbọ́ irú èémí yẹn rí, lọ́dọ̀ ìyá mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó onímọ́ínmọ́ín. Mo ní, "Ìyàwó mi, bí omi yìí bá mọ bí wọ́n ṣe ń dá èèyàn padà wálé, ẹni tó wà lórí ẹní yẹn ló sún mọ́ ọn jù. Jẹ́ kó kọ́kọ́ dá ìyẹn padà ná." Mo ṣí ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò bá mi jà. Ńṣe ló bú sẹ́kún, ẹkún tí kò ní ohùn.

Mo da díẹ̀ sí obìnrin náà lórí àti láyà. Mo fi díẹ̀ ra ètè rẹ̀. Mo tún da díẹ̀ sí i. Omi yẹn ń lọ, mò ń gbọ́ ọ bó ṣe ń dín kù nínú ike. Ó pẹ́ kó tó mira. Ó ṣí ojú, ó gbá imú bùtà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì mu èyí tó kù tán porogodo. Mo gbé bùtà padà sí àyè rẹ̀. Ó fúyẹ́. Atẹ́gùn kékeré kan fẹ́, ó ṣubú lulẹ̀, ìyàwó onímọ́ínmọ́ín sì pariwo bí ẹni pé èèyàn ló ṣubú.

Ohun tó kù ni dídúró.

Àkókò Alaasari tó. Kò sí omi àlúwàlá, Àlùfáà sì lọ fọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀ mímọ́ lẹ́yìn ilé, ó fi pa ojú àti ọwọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe gbà wọ́n láyè bí omi kò bá sí. Ó ń kírun lọ́hùn-ún. Èmi jókòó sórí àga tiwa. Aṣọ àárín ò sí níbẹ̀ mọ́, mò ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń dìde, tó ń forí balẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ Sáàmù tí ìyá mi kọ́ mi, mo dé ìdajì, mo gbàgbé èyí tó kù. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ibi kan náà ni mo tún ti há. Mo wá pa ẹnu mọ́, mò ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyàwó onímọ́ínmọ́ín kẹ̀yìn sí mi. Nígbà tó ṣe, ó wá jókòó tì mí, ó fi èjìká rẹ̀ ti tèmi.

Ìró ọkọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. A jọ fò dìde. Tírélà kékeré tó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Ìmẹ̀rì ni, kò tilẹ̀ gba ojú ọ̀nà yẹn wá. Awakọ̀ rẹ̀ juwọ́ sí wa, ó ń fúnfèrè. A padà jókòó. Mò ń ro ohun tí n óò sọ fún ọmọ ọmọ mi, tó ti máa wà ní ẹnu ọ̀nà aládùúgbò mi báyìí, tó ń yọjú.

Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún. Nọ́ńbà tí n kò mọ̀ ni.

Ẹni tí kò bá gbé ní agbègbè wa lè máà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Bí wọ́n bá jí èèyàn rẹ gbé, nọ́ńbà tí o kò mọ̀ ni wọ́n máa fi pè ọ́, ohùn tí o kò mọ̀ ló máa sọ iye tí wọ́n ń gbà fún ọ. Fóònù yẹn ń dún lọ́wọ́ mi, n kò lè tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ gbé e, Màmá!"

"Gbà, ìwọ gbé e."

"Èmi kẹ̀? Fóònù yín ni!"

"Gbà á, mo ní!"

Ó gbà á, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e jìnnà sí etí rẹ̀ bí ẹni pé ó lè bù ú jẹ. Ohùn ọmọ mi ló jáde.

"Ìyá? Ìyá, ẹ má bínú, bátìrì mi ló kú. Fóònù ẹni tó jókòó tì mí nìyí. A wà ní Ọ̀wọ̀ o! Ọlọ́kadà kan pàdé wa lọ́nà, ó ní ká má lọ, dírẹ́bà bá yíwọ́ padà. Ìyá, ṣé ẹ ń gbọ́?"

Mò ń gbọ́.

"Yàrá àdúrà gáréèjì níbí ni wọ́n kó wa sí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwa obìnrin wà lórí ẹní àwọn Mùsùlùmí, wọ́n kó àwọn ọkùnrin sórí àga àwọn Kìrìsìtẹ́ẹ́nì. Àwọn adìẹ wà láàárín. Dírẹ́bà ní òun ti ń pe ìyàwó òun láti ọ̀sán, kò gbé e. Ó ní kó má ta mọ́ínmọ́ín tòun o."

Ìyàwó onímọ́ínmọ́ín fi ọwọ́ bo ojú. "Ẹ sọ fún un pé mo ti tà á," ló wí, bẹ́ẹ̀ irọ́ ni, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Mo mú àlejò wa lọ sílé mi, nítorí ọkọ̀ Afọ̀ kò sí mọ́. Ó sùn ti ọmọ ọmọ mi. Mo ti rò pé ẹ̀rù á ti tán, kò tán. Ilẹ̀ máa mọ́, ọkọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ gba inú igbó yẹn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, bùtà rẹ̀ sì ṣófo. Mo sọ fún ara mi pé ike ni. Mo tún un sọ. N kò rí oorun sùn.

Láàárọ̀, mo bu omi nínú ìkòkò mi, mo gbé e lọ sí gáréèjì. Ìyàwó onímọ́ínmọ́ín ti ṣáájú mi débẹ̀ pẹ̀lú korobá tirẹ̀. A wo ara wa. Òun da díẹ̀, èmi da díẹ̀. Àlejò wa náà ti tẹ̀ lé mi, ó na ọwọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n da tèmi sí i. Ṣebí èmi ni mo mu ún."

"Ó ti kún o," ni mo wí.

"Kó kún sí i."

Omi ṣàn sílẹ̀. Àlùfáà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ń wò wá. "Ẹ̀yin obìnrin wọ̀nyí, ẹ ti sọ iwájú ilé Ọlọ́run di ẹrẹ̀." Ṣùgbọ́n òun ló dé e, òun ló kọ imú rẹ̀ sí ọ̀nà.

Wọ́n dé nígbà tí oòrùn ti mú. N kò lọ pàdé ọkọ̀ náà. Ibi tí mo wà ni mo dúró sí títí mo fi rí ọmọ mi tó sọ̀kalẹ̀ láti ẹ̀yìn, ìyẹ́ adìẹ lára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó dì mọ́ mi.

"Ìyá, ẹ ń gbọ̀n."

"Òtútù ni."

"Nínú ooru yìí?"

Dírẹ́bà kò tíì kí ẹnikẹ́ni. Ó lọ bá bùtà rẹ̀, ó gbé e. Ó dúró. Ó tún un gbé wò lọ́wọ́, ó ṣí ìdérí rẹ̀, omi da sí i lẹ́sẹ̀.

"Ta ló pọn omi sí èyí? Èmi kì í pọn ọ́n tó báyìí."

Ìyàwó rẹ̀ ń tú ewé mọ́ínmọ́ín. Àlejò wa ń wá bàtà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó wọ̀ ọ́ sẹ́sẹ̀. Àlùfáà ní ó jọ pé wọ́n ń pe òun lẹ́yìn ilé.

"Èmi ni," ni mo wí. "Mo lo tìrẹ lánàá. Èèyàn dákú."

Ó wò mí. Ó wo bùtà náà. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ le, ẹ̀rù ló mú un le, mo mọ̀ ọ́n. Ó wá bi mí pé, "Ẹni náà yè?"

"Òun nìyẹn, tó ń wá bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀."

Ó bọ́jú. Ó ṣan ẹsẹ̀. Ó fi ìyókù rẹ̀ ṣan ojú gíláàsì ọkọ̀, nítorí ó pọ̀ jù.

Ìyàwó onímọ́ínmọ́ín ń sọ fún gbogbo èèyàn báyìí pé ìgbà tí mo da omi yẹn gan-an ni ọkọ òun yíwọ́ padà. N kò wo aago, òun náà ò wò ó. Títí dòní, kò tíì sí ẹni tó lè sọ fún wa ẹni tó yìnbọn lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ra kẹ́ẹ̀gì kan, mo gbé e sábẹ́ tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ àìdọ́gba yẹn, ní ìdí aṣọ ìkélé, níbi tí ọwọ́ ẹgbẹ́ méjèèjì lè tó. Mò ń pààrọ̀ omi rẹ̀ déédéé. Kì í ṣe omi ẹnikẹ́ni. Ti ẹni tó bá ṣubú ni.

Ní ọjọ́ Àìkú yẹn, ọmọ mi ní òun ń padà sí Ọ̀wọ̀, iṣẹ́ wà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọmọ rẹ̀ dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, mo já a kúrò. Dírẹ́bà pọn omi sínú bùtà búlúù náà, ó dé e, ó kọjú rẹ̀ sí ọ̀nà. Wọ́n lọ. Mo wo ọkọ̀ náà títí igi fi bò ó. Lẹ́yìn náà mo mú ìgbálẹ̀ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá iwájú yàrá àdúrà. Nígbà tí mo dé ìdí bùtà yẹn, mo rọra gbá a yí ká, kí ìgbálẹ̀ má baà kàn án.